Ẹgbẹ́ mẹ́rin lórí ìtàgé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde: àpàlà, wákà, gìtá àti àwọn tó ń fi rédíò ṣeré. Ta ni kó kọ́kọ́ gun orí ìtàgé?

Onígìtá Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó lọ san owó gbọ̀ngàn.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin la ti fẹnu kò pé a fẹ́ jọ ṣeré níbì kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Àwa la kọ́kọ́ dá a sọ: gìtá méjì, báàsì, àti agídìgbo tí ọmọkùnrin kan láti Odógbolú ń ta. Àwọn ọmọ Fásitì méjì kan wà ní Àgọ́-Ìwòyè tí wọn kì í lo ìlù rárá. Lápútọ́ọ̀pù, rédíò àtijọ́ àti máíkì kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páànù ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Àwọn àgbà alápàlà ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn ìyá oníwákà ń bọ̀ láti Ṣágámù. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó gbè wá lẹ́yìn. Owó ìwọlé àti èyí tí a bá tu jọ la ó fi ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há nìyí. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń sọ pé, "Jẹ́ kí àwọn àgbà fi ìbílẹ̀ ṣí i, kí ẹ̀yin ọmọ wá gbà á lọ́wọ́ wọn." N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i ní òde púpọ̀: àga ṣófo, ẹlẹ́rọ ṣì ń wá wáyà, àwọn bàbá ti ń lùlù. Nígbà tí èrò bá fi máa pé, wọ́n ti ń di ìlù sínú àpò. Ẹni tó gba máíkì á ní "a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa", ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá fi wọ́n sẹ́yìn pátápátá, aago mọ́kànlá alẹ́ á bá wọn níbẹ̀, àwọn ìyá Ṣágámù á sì máa wo aago nítorí ọ̀nà.

Báwo ni kí n ṣe tò ó? Báwo ni ká ṣe ṣètò ohùn tí agídìgbo ò fi ní kú sábẹ́ gìtá? Báwo ni ká ṣe pín owó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

O káre, Onígìtá. Bí o ṣe béèrè yìí dùn mọ́ mi nínú. Ti àpàlà ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Má fún àwọn àgbà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àpàlà kì í yára gbóná. Ìlù á kọ́kọ́ jókòó, agídìgbo á wá ibi tó máa rìn gbà, akọrin á kí onílé, á kí àlejò, á wo ojú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà tí orin máa tọ̀. Wákàtí kan gbáko ni kí o fún wọn, ó kéré tán. Kí o sì pèsè àga tó dáa. Orí ìjókòó ni Hárúnà Ìṣọ̀lá ti ń kọrin, àwọn elégbè yí i ká, gángan méjì, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkùbà, agogo. Kò jẹ́ kí ohun èlò òyìnbó wọ inú orin rẹ̀ títí tó fi papò dà ní 1983. Ẹni tó bá ní kí àwọn àgbà wọ̀nyí dìde dúró, kí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ níwájú máíkì, ti ba nǹkan jẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ẹ̀yin ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ báńdì tó dá dúró bíi pé ìlú òkèèrè ló ti wá. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo, olórin jùjú, dá Star Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ní 1979, ó tún gbé Phonodisk kalẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó ló sì kọ́ ọ sí, kì í ṣe Èkó. Ọkùnrin yìí kan náà ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe fún HMV, ilé-iṣẹ́ àwo àwọn òyìnbó, ní 1948 kò tà. Òde ló ń lọ láti ìlú dé ìlú títí orúkọ rẹ̀ fi rinlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń kọ ìwé ìpolówó rẹ, má kọ ọ́ bíi pé ẹ̀yin lẹ dá dúró, tí àwọn àgbà wá fi ìbílẹ̀ ṣe yín lẹ́ṣọ̀ọ́. Iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe, wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó bí yín.

Ti àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ni ọkàn mi ò tíì gbà. N kò ní kí wọ́n má wá o. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé fún mi ohun tí wọ́n ń wá nínú ariwo.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn.

Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ibi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ kì í dún bí àárín páànù, etí òrùlé tún ní tirẹ̀. A máa ń lẹ máíkì pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ páànù, a ó fi ohùn náà sínú lápútọ́ọ̀pù, a ó wá fà á gùn títí ẹ̀kán òjò kan á fi máa dún fún bí ìṣẹ́jú kan. Ohùn mẹ́ta, mẹ́rin máa ń wà nínú ẹ̀kán kan ṣoṣo tí etí kì í gbọ́ nítorí pé ó ti kọjá lọ. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Ti rédíò náà, àárín ìkànnì kan sí èkejì la máa ń dúró sí, níbi tó ti ń hó. Bí ọwọ́ ṣe ń sún mọ́ eriali ni híhó náà ń yí padà, ọwọ́ la sì fi ń darí rẹ̀.

A kì í ṣe ju ogún ìṣẹ́jú lọ. A ò retí kí ẹnikẹ́ni jó. Etí la ń bẹ̀.

Ẹ mọ Hubert Ògúnǹdé, bàbá. Òsósà tó wà nítòsí wa níbí ni wọ́n ti bí i ní 1916. Orúkọ tó fún ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1945 ni African Music Research Party. Ọkùnrin tí gbogbo Yorùbá wá mọ̀ sí òṣèré, ìwádìí orin ló kọ sára ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Akin Euba tó ń kọ orin sílẹ̀ fún dùùrù náà, dùùrù ló jókòó sí, ó ní kí dùùrù máa dún bí ìlù. Àwọn baba wa ti wá ohùn tuntun rí, àwa náà ń wá tiwa.

Ìbéèrè kan: ṣé a lè gba ohùn agídìgbo àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ẹ̀rọ wò, ká fi kún tiwa lọ́jọ́ náà?

Ọmọ Oníwákà

Ìyá mi wà lára àwọn tó ń bọ̀ láti Ṣágámù, nítorí náà mi ò lè dákẹ́.

Ẹ ti sọ ti ìlù àti ti ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Ní òde, kì í ṣe owó àdéhùn ni àwọn ìyá wa fi ń jẹun. Owó tí wọ́n ń ná fún wọn ni. Ìyá mi á ki ìyá ìyàwó, á ki bàbá ìyàwó, á ki ẹgbẹ́ tó wọ aṣọ kan náà, owó á máa bọ́ sílẹ̀. Ní irú eré tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, àwọn èèyàn á san owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á jókòó, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ta ló máa dìde? Ẹ ti gba ohun tó ń bọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ wọn láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí owó àdéhùn tiwọn fi gbọ́dọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbà níbi ìgbéyàwó lọ. Ẹni tó bá sọ pé "ẹ wá bá wa ṣe é, ó máa gbé orúkọ yín ga" kò mọ̀ pé orúkọ wọn ti ga tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a jẹ́ kí èrò máa fọ́n owó. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) ti 2007 kọ̀ ọ́: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn 50,000 náírà ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Àwọn èèyàn ti dé ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ẹ gbé igbá ńlá kan sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, kí ẹni tí orí rẹ̀ bá wú lọ fi owó sínú rẹ̀, kí ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ ọ.

Ẹ má pín owó sí mẹ́rin ọgbọọgba. Àwọn ìyá wa, pẹ̀lú elégbè àti onílù, lé ní mẹ́jọ. Àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè jẹ́ méjì. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀, oúnjẹ, ẹ̀rọ àti epo jẹnẹrétọ̀. Èyí tó bá kù, orí-ò-jorí ni kí ẹ pín in.

Ọjọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ Sátidé lẹ ní lọ́kàn, ẹ ò ní rí alápàlà, ẹ ò ní rí oníwákà. Òde ni gbogbo wọn máa wà. Ọ̀sán Sunday ni kí ẹ mú, láti aago mẹ́rin. Gbogbo wàhálà pé ta ni kí ó kẹ́yìn kó má bàa di òru, ọjọ́ tí ẹ mú ló fà á.

Ó ku ẹyọ kan. Lórí ìwé ìpolówó, ẹ má kọ "àti àwọn ìyá oníwákà" ní lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀. Batile Alákẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló kọ́kọ́ gbé wákà sórí àwo. Salawa Àbẹ̀ní tẹ̀ lé e, Aláàfin Lámídì Adéyẹmí sì fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà ní 1992. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n kan náà.

Onígìtá Ìjẹ̀bú-Òde

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Sátidé ni mo ti ń bá onígbọ̀ngàn sọ tẹ́lẹ̀. Sunday ni mo máa sọ fún un báyìí. Ti owó orí-ò-jorí náà, mo ti bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi sọ ọ́ ní kété tí mo kà á, wọ́n gbà.

Ẹlẹ́rọ Ṣágámù

Ẹ̀rọ ohùn ni iṣẹ́ mi. Mo ti ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti fújì, ti ìsìnkú. Irú ètò báyìí ló máa ń le jù fún wa, nítorí pé ohun tó ń pariwo jù àti ohun tí ohùn rẹ̀ kéré jù jọ wà lórí ìtàgé kan náà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ìṣòro yín tó tóbi jù ni agídìgbo. Àpótí ni, irin pẹlẹbẹ wà lójú rẹ̀, òrùka tó wà ní ìka onílù á sì máa kan ara àpótí náà. Tí ẹ bá gbé máíkì síwájú rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ máa gbọ́. Máíkì pẹlẹbẹ tí Akẹ́kọ̀ọ́ ń lẹ̀ mọ́ páànù gan-an lẹ nílò: ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, lápá ibi tí ìka òrùka kì í dé. Irú rẹ̀ wà nínú ohun tí ń dún "píìn" nínú aago ìtanijí àtijọ́, kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má kì í bọ inú míksà tààrà, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín bíi ti tẹlifóònù. Ó nílò àpótí DI, àpótí kékeré tó máa wà láàárín máíkì náà àti míksà, tí ìdènà iná (impedance) níbi ìwọlé rẹ̀ tó megohm kan. Pẹ̀lú ìyẹn, ìsàlẹ̀ ohùn náà á jáde, ẹ ó sì máa gbọ́ igi náà fúnra rẹ̀. Mo ní méjì, mo máa gbé e wá.

Gángan kò nílò máíkì nínú gbọ̀ngàn kékeré. Ó ń dá sọ̀rọ̀. Ohùn èèyàn ló nílò ìrànlọ́wọ́. Fún àwọn elégbè wákà, ẹ má kó máíkì márùn-ún síwájú ẹni márùn-ún tó dúró gbagbaagba. Máíkì kan á máa gbọ́ ohun tí èkejì ń gbọ́, ohùn á sì máa jẹ ara wọn. Ìlànà wa ni pé àyè tó wà láàárín máíkì méjì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta àyè tó wà láàárín ẹnu àti máíkì. Tí ẹnu bá fi ìka mẹ́rin jìnnà, máíkì kejì gbọ́dọ̀ fi ìka méjìlá jìnnà, ó kéré tán. Kí àwọn elégbè mẹ́ta yí máíkì kan ká dára jù ú lọ, bí wọ́n sì ṣe máa ń dúró nílé náà nìyẹn.

Ti igbe tí máíkì máa ń ké: máíkì ohùn tí wọ́n ń pè ní SM58 kì í gbọ́ ohun tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gangan, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ gangan ni kí sípíkà tí akọrin fi ń gbọ́ ara rẹ̀ wà. Àwọn máíkì kan wà tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀yìn díẹ̀. Ti wọn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni sípíkà máa wà. Gbogbo máíkì ohùn, mo máa gé ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo jù, èyí tó wà nísàlẹ̀ 100 Hz, kúrò, kí báàsì Onígìtá má bàa máa gba ẹnu àwọn ìyá jáde.

Jẹnẹrétọ̀ á wà lẹ́yìn ògiri kejì, kì í ṣe ẹ̀yìn ìtàgé. Kí gbogbo ẹ̀rọ orí ìtàgé gba iná láti orísun kan ṣoṣo. Tí lápútọ́ọ̀pù bá gba iná níhìn-ín, tí míksà gba tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ máa gbọ́ "hùnnn" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, tí ohùn tó wúwo gan-an bá wà nínú tiyín, mo ní láti gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn náà ṣáájú, torí àwọn àjà ilé kan wà níbí tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n máa gbọn jùlọ.

Ẹni tó máa kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ yẹ ohùn wò, ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣeré ni kó kẹ́yìn, kí ohun èlò tirẹ̀ lè dúró síbi tó wà. Kí àwọn àgbà ní aago tiwọn, kí a tẹ̀ lé e, kí oúnjẹ wà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n máa gbọ́ "wán-tú, wán-tú".

Onílù Odógbolú

Ọmọ Àyàn ni mí. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rọ wọ̀ mí létí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlù kún un.

Onígìtá, gìtá yín ni kó bá agídìgbo lọ. Irin agídìgbo àwọn àgbà ní ibi tí wọ́n gbé e sí, kò bá ti dùùrù mu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n sún un. Ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ wá ti okùn gìtá lọ bá a.

Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ ìgbàlódé, ìlù kì í dúró sójú kan. Tí akọrin bá gbóná, ìyáàlù á fà á lọ síwájú. Ẹ̀rọ tó bá ń yí ohùn kan náà po ní ìwọ̀n kan náà á ṣubú lé wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ darí rẹ̀, kí ẹ máa wo ọwọ́ onílù. Ìyáàlù ló ń ṣíwájú.

Mo gbọ́ ọ níbì kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mú kí ohùn máa dún padà (echo) sí gángan. Nígbà tí ó ń lu ìlù ijó, ó dùn, mi ò jiyàn. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki èèyàn ló dàrú. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀. Tí gbólóhùn àkọ́kọ́ ò bá tíì kú kí ìkejì tó dé, wọ́n á ro pọ̀, oríkì á sì di ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń yí ohùn akọrin sókè sódò. Ẹ fi sílẹ̀ tó bá ń jó. Ẹ pa á tó bá ń sọ̀rọ̀.

Sí ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́ lórí gbígba ohùn sílẹ̀: lọ kí wọn kí eré tó dé, mú nǹkan dání, béèrè lọ́wọ́ olórí wọn. Tó bá gbà, ó ti gbà. Àmọ́ àwọn ohùn kan wà tí kò sí lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ láti fún ẹnikẹ́ni. Ìlù gbẹ̀du kì í ṣe ti eré. Ohùn Orò kì í ṣe ti eré. Ti Agẹmọ, tí àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún ń gbé lọ sí Ìmọ̀sàn, kì í ṣe ti eré, bó ti wù kó dùn létí tó nígbà tó bá ń kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìgbohùn kékeré wà nínú fóònù gbogbo èèyàn báyìí. Ẹ má ṣe é. Kí ẹ sì tún wo kàlẹ́ńdà ìlú kí ẹ tó mú ọjọ́, kí ó má bọ́ sí àsìkò Agẹmọ, kó má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba tí kò ní sí yàrá tàbí ọkọ̀ kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

A gbọ́, ẹ̀gbọ́n. A ò ní fọwọ́ kan gbẹ̀du, a ò ní fọwọ́ kan ohun awo. A máa lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ bẹ àwọn bàbá fúnra wa. Ti ẹ̀rọ tó ń yí po, a máa yọ ọ́ kúrò ní gbogbo ibi tí ìlù bá ti wà.

Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o. Mo ń ka gbogbo èyí pẹ̀lú ayọ̀.

Ẹ ò tíì dárúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan. Ginger Johnson, George Folúnṣọ́ lorúkọ rẹ̀, ìlù ló gbé dé Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ó bá àwọn onijáàsì ṣeré, ó dá ẹgbẹ́ African Messengers sílẹ̀, nígbà tí Rolling Stones, ẹgbẹ́ onígìtá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sì ṣeré ní Hyde Park níbí ní July 1969, òun àti àwọn onílù rẹ̀ wà lórí ìtàgé náà pẹ̀lú wọn níwájú èrò rẹpẹtẹ. Àwọn ọ̀dọ́ onígìtá àti onílù Ìjẹ̀bú lórí ìtàgé kan, ó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Àbá mi: lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti ṣe tán, kí gbogbo yín jọ gun orí ìtàgé ṣe orin kan pọ̀. Ìyẹn ni èrò máa rántí.

Onílù Odógbolú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Èèyàn tó lé ní ogún tí wọn ò tíì jọ lu ìlù rí? Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ga jù ló máa borí, àwọn àgbà á kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́ títí á fi parí. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Tí wọ́n bá fẹ́ jọ ṣe é, kí wọ́n jọ jókòó kọ́ ọ ná.

Ọmọ Oníwákà

Mo wà lẹ́yìn Onílù. Ìyá mi á ṣe é tí ẹ bá ní kó ṣe é, torí kò fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ ní kó ṣe é nìyẹn.

Ṣé ẹ lè máa gbà á lọ́wọ́ ara yín? Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ń parí, kí ẹnì kan nínú wọn dúró síbẹ̀, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ wọlé bá a, kí àwọn méjì péré jọ ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tí àwọn yòókù ń kó ohun èlò wọn. Ẹni méjì lè gbọ́ ara wọn. Kò sì ní sí àkókò tí ìtàgé máa ṣófo tí ẹni tó gba máíkì á máa dápàárá.

Ẹlẹ́rọ Ṣágámù

Èyí á rọ èmi gan-an lọ́rùn. Máíkì méjì péré ni mo nílò fún àárín, mo lè fi àyè náà to ti ẹgbẹ́ tó ń bọ̀.

Onígìtá Ìjẹ̀bú-Òde

Àǹtí, ẹ ti tú u. Tí mo bá tò ó báyìí ńkọ́: Akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnìkejì rẹ̀ á ti máa ṣeré láti ìgbà tí a bá ṣílẹ̀kùn, kí èrò wọlé bá ohùn náà nínú ilé. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wákà á wọlé bá wọn. Àwọn ìyá á ṣe tiwọn nígbà tí ojúmọ́ ṣì wà, wọ́n lè padà sí Ṣágámù nígbà tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn wọn ni àwa, agídìgbo tiwa á sì dúró de gángan àpàlà. Àwọn àgbà ló máa kẹ́yìn, wákàtí kan àti ààbọ̀, lórí àga, aago mẹ́jọ á ti lù kí wọ́n tó parí. Àmọ́ mo ń bẹ̀rù pé Akẹ́kọ̀ọ́ á di ẹni tí à ń fi ṣílẹ̀kùn, ohun tí mo ń sá fún gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Kì í ṣe bákan náà, ẹ̀gbọ́n. Ohùn tiwa fẹ́ kí èèyàn wọ inú rẹ̀, kí ó rìn yí ká, kí ó wá ibi tó máa jókòó sí. Ó bá wa lára mu. Ohun kan ṣoṣo tí a bẹ̀bẹ̀ fún: kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn wà tí a ti ti ilẹ̀kùn, tí gbogbo èèyàn ti jókòó, tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Amòfin Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i. Ọ̀rọ̀ gbígba ohùn àti fídíò sílẹ̀ ló gbé mi wá.

Lábẹ́ òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti 2022, òṣèré ló ni àṣẹ lórí eré rẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀ kí ẹ tà á tàbí gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ó gbà. Òfin náà tún dá ààbò bo orin àti ìlù tí gbogbo àwùjọ jọ ni, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò, tàbí tó fẹ́ lò ó lóde ibi tí àṣà ti ń lò ó, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Àjọ tó ń rí sí àṣẹ-lórí-iṣẹ́, tí ẹni tó bá sì lò ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú tàbí àwùjọ tó ti wá. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá yá díẹ̀ lò láti fi ṣe iṣẹ́ tuntun tirẹ̀, tí kò bá ṣe àṣejù. Ẹ̀yin ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, inú àyè yẹn ni ẹ lè wà, ṣùgbọ́n ẹ kọ "agídìgbo láti Ìjẹ̀bú-Igbó" sára orin náà níbikíbi tó bá dé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ta á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ìwé kan fún yín, ojú ewé kan péré, ní Yorùbá: ta ni wọ́n gbà sílẹ̀, ibo ló máa lọ, báwo ni owó tó bá tibẹ̀ wá ṣe máa pín. Kí ẹnì kan kà á sókè fún àwọn tí kò bá lè kà á, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ní ọjọ́ tó ṣáájú eré, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ti gbé ìlù kọ́rùn. Mi ò gba owó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Amòfin, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ọ̀pọ̀ àgbà olórin ni orin wọn wà kiri lónìí tí àwọn ọmọ wọn ò rí kọ́bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, mo gbọ́ èyí tí o fi ránṣẹ́ sí mi lóru àná. Mo pa iná, mo fi etí sí i gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ. Mi ò ní pè é ní orin, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, níbi tí páànù náà ti ń dún tẹ̀ léra wọn, mo gbọ́ nǹkan kan tó rìn bí àkùbà, tó sì tún ya kúrò lọ́nà. Mo padà gbọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wá. Kí ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún èrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé òjò àti páànù ni, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ máa wá nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo máa mú yín lọ bá àwọn alápàlà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá. A máa pè yín kí a tó kúrò nílé.

Ẹlẹ́rọ Ṣágámù

Onígìtá, tí onígbọ̀ngàn bá ti fún ọ ní Sunday, bá mi gba kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀sán Thursday tó ṣáájú rẹ̀. Mo fẹ́ wo ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kí n wọn ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa jókòó sí. Kí ọmọkùnrin tó ń ta agídìgbo yín gbé e wá, ká lẹ máíkì náà mọ́ ọn, ká gbọ́ ọ. Kí Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé èyí tó wúwo jù nínú ohùn tiwọn wá fún mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá àjà ilé yẹn máa gbà á.

Onígìtá Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ti fún mi ní Sunday. Mo ń lọ gba kọ́kọ́rọ́ Thursday báyìí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín irú oúnjẹ tí wọ́n máa ń jẹ kí wọ́n tó kọrin.

Ọmọ Oníwákà

Wọn kì í jẹ ohun tó wúwo ṣáájú orin. Ẹ fún wọn ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìkókoré, ẹ gbé e pamọ́ dìgbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀.